Ọwọ́ Mi Ni Wọ́n Ń Wò

Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń ta gàrí ní ọjà Bódìjà, n'Íbàdàn. Ìyá mi ló kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀ kí n tó gba ìsọ̀ náà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́: kí ló ń mú kí ẹni tó wá ra gàrí kọjá ìsọ̀ mẹ́ta, kó wá dúró sí ìkẹrin? Ìlà kan náà la jókòó sí. Iye kan náà la sì máa ń pè é. Síbẹ̀, ìsọ̀ kan á kún, ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á máa lé eṣinṣin.

Màmá kan wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n á ti tó ẹni àádọ́rin ọdún. Wọn ò béèrè iye. Wọ́n ki ọwọ́ bọ inú àpò gàrí Ìjẹ̀bú títí dé ọrùn ọwọ́, wọ́n bu ti ìsàlẹ̀ jáde, torí wọ́n mọ̀ pé òkè àpò ni ọlọ́jà máa ń tún ṣe. Wọ́n fi àtàǹpàkò rà á mọ́ àtẹ́lẹwọ́, wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i láti wò ó bóyá lẹ́búlẹ́bú pọ̀ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ju díẹ̀ sẹ́nu, wọ́n ń rún un, wọ́n ń wo ọ̀ọ́kán.

Mo dákẹ́. Ìyá mi ti kìlọ̀ fún mi láti kékeré pé kí n má ṣe bá oníbàárà sọ̀rọ̀ nígbà tí gàrí bá wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ó kan," màmá wí. Inú mi dùn. Tí gàrí Ìjẹ̀bú ò bá kan, kí la fẹ́ fi mu ún? Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rin, tí wọ́n dì sínú àpò, tó lo ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó kù ú kí wọ́n sì yan án, ibẹ̀ ló ti ń rí kíkan rẹ̀. Ẹni tó bá ń kánjú owó kì í dúró tó bẹ́ẹ̀.

"Ẹ bá mi bu omi díẹ̀, ọmọ mi."

Mo bu omi sínú ife. Wọ́n da ẹ̀kúnwọ́ kan sí i, wọ́n gbé e kalẹ̀ sórí àpótí, wọ́n sì jókòó tì í. Wọ́n ń wò ó bóyá ìdọ̀tí máa léfòó, wọ́n sì ń wo bó ṣe ń wú. Gàrí tó gbẹ dáadáa máa ń wú tó ìlọ́po mẹ́ta bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ní ẹnu mẹ́fà láti bọ́ nílé gbọ́dọ̀ mọ ìyẹn kó tó náwó, torí gàrí tí kò wú, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó, ebi ló máa dá padà.

Ìgbà yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè pé, "Èló ni kóńgò?" Mo pe iye. Wọ́n ní ó wọ́n. Mo dín in díẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ti mọ̀ pé wọ́n ti ra gàrí náà látìgbà tó ti wà lẹ́nu wọn. Kí wọ́n tó jẹ́ kí n wọ̀n ọ́n, wọ́n gba kóńgò lọ́wọ́ mi, wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n wo ìdí rẹ̀. Ẹ ṣáà mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn kan máa ń fi òòlù lu ìdí kóńgò kó lè wọnú, àwọn mìíràn á ki ìka mẹ́rin sínú rẹ̀ bí wọ́n bá ń bu ọjà. Ó máa ń dùn mí gan-an, torí gbogbo wa ni wọ́n ń fi bà lórúkọ jẹ́. Mo bu kóńgò mẹ́ta, mo sì fi ẹ̀kúnwọ́ méjì ṣe ènì. Ojú wọn ò kúrò lára ọwọ́ mi títí mo fi so ọ̀rá náà.

Mo mọ ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù, torí èmi náà ti jẹ̀bi rẹ̀ rí. Lọ́dún kan, nígbà òjò, mo ra àpò mẹ́rin lọ́wọ́ ẹnìkan tó ń kó gàrí wá láti oko. Wọn ò yan án gbẹ. Mo fọwọ́ kàn án, mo sì fura, ṣùgbọ́n mo ti san owó ọkọ̀, mo tà á. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, tíṣà kan gbé tirẹ̀ padà wá nínú ọ̀rá. Ó ti bu. Kò pariwo. Ó kàn ní, "Ẹ wò ó, mà." Mo dá owó rẹ̀ padà, mo sì wọn kóńgò mìíràn fún un. Òun ṣì ń rajà lọ́wọ́ mi dòní. Àwọn tó padà wá bá mi ni mo lè bẹ̀. Àwọn tí wọ́n da tiwọn nù nílé, tí wọn ò yà sọ́dọ̀ mi mọ́, mi ò mọ orúkọ wọn, mi ò sì lè mọ iye wọn.

Ìgbà tí owó bébà dàwátì lọ́dún 2023 tún kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ mìíràn. Ẹ rántí: báńkì àpapọ̀ ní kí gbogbo wa dá 200, 500 àti 1,000 náírà àtijọ́ padà, wọ́n sún gbèdéke náà dé ọjọ́ 10 oṣù Kejì, tuntun ò sì tó nílẹ̀. Àwọn kan lára wa ta gàrí ní ẹ̀dínwó fún ẹni tó bá ní owó lọ́wọ́. Èmi gba tíráńsífà. Nẹ́tíwọ̀kì ò dára, àláàtì lè má wọlé títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bàbá kan dúró nínú oòrùn ó lé ní wákàtí kan, wọ́n ń fi fóònù hàn mí pé owó ti kúrò lọ́dọ̀ àwọn. Mo ní kí wọ́n máa gbé gàrí wọn lọ. Alẹ́ ọjọ́ kejì ni owó náà wọlé. Títí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi dájọ́ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta pé owó àtijọ́ ṣì ṣeé ná, ọ̀dọ̀ mi ni bàbá náà ń rán ìyàwó wọn sí, bẹ́ẹ̀ ni ti èmi wọ́n díẹ̀ ju ti àwọn ará ẹ̀gbẹ́ mi lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni nǹkan wá le. Ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, owó ọkọ̀ tó ń kó gàrí wá fò sókè. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, rédíò ka ìṣirò ìjọba pé ọ̀wọ́ngógó ti dé ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù Kejìlá ọdún 2024. Ẹni tó ń ra ìlàjì àpò tẹ́lẹ̀ wá ń ra kóńgò, ẹni tó ń ra kóńgò wá ń ra dẹ́ríkà. Bí èèyàn bá ṣírò ọ̀rọ̀ dẹ́ríkà, á rí i pé ó wọ́n ju kóńgò lọ. Àwọn tó ń rà á mọ ìṣirò náà dáadáa. Owó òòjọ́ ló wà lọ́wọ́ wọn, ọmọ sì ń dúró de ẹ̀bà lálẹ́. Inú máa ń bí mi tí ẹnikẹ́ni bá ní òtòṣì ò mọ owó ná. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣe ènì fún oní-dẹ́ríkà pẹ̀lú, ẹ̀kúnwọ́ kékeré kan.

Lọ́dún 2025 tí owó gàrí wálẹ̀, àwọn kan padà sí kóńgò. Púpọ̀ ò tíì padà.

Màmá ọjọ́ yẹn ní Sátidé ni àwọn máa wá kó ti ọmọ wọn tó wà ní Èkó. Mo ti fi àpò kan pamọ́. Mi ò tún òkè rẹ̀ ṣe.