Aago Abẹ́rẹ́ Kì í Dúró De Ọ̀gá

Ọ̀pọ̀ ọmọ Àkúrẹ́ àti Oǹdó tó ń fi físà ṣiṣẹ́ ní Ìlú Ọba kì í mọ̀ àfi ìgbà tí wọ́n bá dé iwájú dókítà: láti oṣù kẹjọ ọdún 2017, owó ìlera tí wọ́n san mọ́ físà kò kan IVF mọ́ ní England, ìyẹn ìtọ́jú àìríbí tí wọ́n ti ń fa ẹyin obìnrin jáde, tí wọ́n ń pò ó mọ́ àtọ̀ ọkùnrin níta ara, kí wọ́n tó gbé e padà sínú ilé ọmọ. Àpò ara wọn ni wọ́n á ti san án. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń gba ìsinmi wá ṣe é nílé, tí wọ́n á máa ti Àkúrẹ́ lọ Ìbàdàn tàbí Èkó. Àwọn ọmọ ìlú kan náà ló sì ní ilé ẹ̀kọ́, ilé oògùn àti ṣọ́ọ̀bù ní Alágbàká àti Ìjàpò l'Ákùúrẹ́, tí wọ́n ń fi fóònù darí láti òkè òkun. Òṣìṣẹ́ ni wá lọ́hùn-ún, ọ̀gá ni wá nílé. Ọ̀nà méjèèjì ni ọ̀rọ̀ bí ọ̀gá ṣe lè ran òṣìṣẹ́ tó ń ṣe IVF lọ́wọ́ gbà kàn wá.

Ibi tí nǹkan ti sábà máa ń bàjẹ́ ni pé ọ̀gá fẹ́ kí òṣìṣẹ́ kọ gbogbo ọjọ́ tó máa gbà sílẹ̀ ṣáájú. Dókítà fúnra rẹ̀ ò mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta tí nǹkan oṣù bá dé ni wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ tó ń mú ẹyin dàgbà, ojoojúmọ́, fún nǹkan bí ọjọ́ 8 sí 14. Láàárín ìyẹn, wọ́n á máa fi ẹ̀rọ wo bí àpò ẹyin ṣe ń tóbi sí, wọ́n lè gba ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n tó pinnu bóyá kí wọ́n fi kún oògùn tàbí kí wọ́n dín in kù. Ohun tí wọ́n bá rí lónìí ni wọ́n fi ń mú ọjọ́ tó kàn.

Nítorí náà, ẹ má béèrè ọjọ́, sáà ni kí ẹ béèrè. Kí ẹ̀yin àti òṣìṣẹ́ náà jọ fẹnu kò sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò ní jẹ́ òun ló ń ṣí ṣọ́ọ̀bù tàbí tó ń kọ́ kíláàsì àkọ́kọ́ láàárọ̀, kí ẹnì kan sì ti mọ̀ pé òun ni yóò dúró fún un. Ẹ fi ọjọ́ tí wọ́n máa fa ẹyin àti ọjọ́ kejì rẹ̀ kún un lódidi, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n máa gbé ọlẹ̀, ìyẹn ẹyin tó ti bá àtọ̀ dàpọ̀, sínú ilé ọmọ, tó sábà máa ń jẹ́ ọjọ́ 3 tàbí 5 lẹ́yìn náà. Láti Àkúrẹ́ sí Èkó, ọ̀nà nìkan lè jẹ ọjọ́ kan. Ẹni tó bá lè fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kó ṣe é láti ilé ẹbí tó wọ̀ sí.

Abẹ́rẹ́ kan wà tí kò gba àwáwí. Òun ló ń mú kí ẹyin gbó kí wọ́n tó fà á. Wákàtí 34 sí 36 ló sábà máa ń wà láàárín òun àti fífa ẹyin. Bí wọ́n bá fẹ́ fà á ní aago 8 àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, aago 8 alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wákàtí 36 bọ́ sí. Bó bá gún un pẹ́ jù, ẹyin lè má tíì gbó nígbà tí wọ́n bá débẹ̀. Bó bá gún un yá jù, ẹyin lè ti já kúrò nínú àpò rẹ̀. Owó àti ìrora gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn lè bá a lọ nítorí ìpàdé tí ọ̀gá ò tètè parí, tàbí nítorí pé òṣìṣẹ́ náà, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́, kò rí ẹni bá a dúró ti aláìsàn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn là ń bẹ̀bẹ̀ fún, pẹ̀lú yàrá tó ní kọ́kọ́rọ́.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn abẹ́rẹ́ náà, inú firíìjì ni wọ́n ń gbé, ní ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Àwọn mìíràn lè wà níta fún ìwọ̀nba ọjọ́; ara páálí ni wọ́n kọ ọ́ sí. Tí NEPA bá mú iná lọ láti àárọ̀, firíìjì ọ́fíìsì tó ní jẹnẹrétọ̀ lè gba oògùn olówó ńlá là. Kó wà nínú ike tí ojú ò lè rí inú rẹ̀, láàárín firíìjì, kó má ṣe sún mọ́ ibi tó ń dì, torí abẹ́rẹ́ tó bá ti dì ti bàjẹ́, bó tilẹ̀ yọ́ padà. Ẹ wo ilé ìyàgbẹ́ yín náà. Oògùn progesterone, tó ń múra ilé ọmọ sílẹ̀ de ọlẹ̀, tí ọ̀pọ̀ obìnrin ń kì sí abẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ kò ṣeé lò níbi tí kò ti sómi, tí ilẹ̀kùn ò sì ṣeé tì.

Lẹ́yìn fífa ẹyin, tí ikùn bá ń wú sí i, tó ń bì, tí mímí ń nira tàbí tí ìtọ̀ ń dínkù, ilé ìwòsàn ló kàn lọ́jọ́ yẹn gan-an, kì í ṣe kúẹ́rì.

Ọkùnrin ńkọ́? Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fa ẹyin, òun náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, àfi tí wọ́n bá ti gba àtọ̀ rẹ̀ pamọ́. Ṣùgbọ́n ìrànlọ́wọ́ tirẹ̀ ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀ tipẹ́, torí pé àtọ̀ ń lò tó oṣù méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta kó tó dàgbà tán nínú ara. Ooru ń pa á lára, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn oògùn apakòkòrò kan. Ẹni tó ń fín oògùn sí kòkó lóko Oǹdó, tàbí tó ń dúró ti ààrò búrẹ́dì, oṣù mẹ́ta ṣáájú ni kí ẹ ti gbé e lọ sí ìdí iṣẹ́ mìíràn, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tí ìyàwó ń gún abẹ́rẹ́.

Ní Ìlú Ọba, kò sí òfin tó ya ìsinmi sọ́tọ̀ fún IVF. Àmọ́ láti ìgbà tí wọ́n bá ti gbé ọlẹ̀ sí obìnrin, aláboyún ni òfin kà á sí níbi iṣẹ́. Bí kò bá sì dúró, ààbò yẹn ṣì wà fún ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tó bá mọ̀. Ẹni tó wà lórí físà iṣẹ́ tó ń bọ̀ nílé ní láti ṣọ́ra: ìsinmi tí kò lówó tó bá ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lápapọ̀ láàárín oṣù kìíní sí oṣù kejìlá lè gba físà lọ́wọ́ rẹ̀, àfi fún àwọn ìdí tí òfin yọ sílẹ̀, bí àìsàn. Kí ọ̀gá jẹ́ kí òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ lo lífì olówó tirẹ̀ tán, kó sì kọ irú ìsinmi kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ bó ṣe jẹ́. Nílé, Òfin Iṣẹ́ gba ọjọ́ iṣẹ́ 12 láyè lọ́dún, pẹ̀lú owó, fún àìsàn tí dókítà bá jẹ́rìí sí. Ẹ so ó pọ̀ mọ́ lífì. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù náà lè sún ìdápadà ẹ̀yáwó síwájú ní àsìkò ìtọ́jú yẹn.

Lórí fọ́ọ̀mù ìsinmi, "ìtọ́jú ìlera" ti tó. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti Nàìjíríà ọdún 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera sí ohun tó gba ìpamọ́ pàtàkì; nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo mọ̀ sí i nínú ilé iṣẹ́. Àkúrẹ́ ò tóbi tó bẹ́ẹ̀: ohun tí akọ̀wé gbọ́ láàárọ̀ lè dé etí ìyá ọkọ kílẹ̀ tó ṣú. "Àǹtí, ṣé kò tíì sí ni?" kì í ṣe ìbéèrè tó yẹ kí ọ̀gá gbà láyè lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn gbígbé ọlẹ̀ ni àyẹ̀wò máa ń jáde. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ṣẹ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fún un ní ọjọ́ méjì mẹ́ta láìgba ìwé kankan. Tó bá sì padà wọlé, tí wọ́n ń kó owó ìkómọ jọ fún òṣìṣẹ́ mìíràn ní ọ̀sẹ̀ yẹn, kí ẹlòmíràn gbé àpòòwé náà yíká.