Ẹ̀yin àbúrò tó ń múra ìdánwò PPL (ìwé àṣẹ awakọ̀ bàálù aládàáni), ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́

Àbúrò wa kan níbí ní England ṣẹ̀ṣẹ̀ fìdí rẹmi, ibi tí wọ́n ti mú èmi náà nígbà tèmi gan-an ni wọ́n ti mú un, ó dùn mí débi pé mo ní kí n kọ eléyìí kíá. Mi ò ní sọ̀rọ̀ wákàtí 45 tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ fi kọ́ bàálù wíwà tàbí ìwé kíkà, ẹ ti mọ ìyẹn.

Èkíní, ẹ sùn dáadáa. Èkejì, ẹ ti ṣírò epo àti ẹrù tí bàálù máa gbé látàná. Ẹ̀kẹta ni ẹ́ńjìnì tó kú lójú òfuurufú, ibẹ̀ gan-an ni mo ń bọ̀.

Gbogbo ìgbà tí tísà mi bá fẹ́ kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń balẹ̀ láìsí ẹ́ńjìnì, orí pápá kan náà ló máa ń gbé mi lọ, mo mọ pápá yẹn bí ẹní mowó, mo mọ ibi tí mo ti máa yí, mo mọ ibi tí mo ti máa já flap, ìyẹn pátákó ẹ̀yìn ìyẹ́ tó ń jẹ́ kí bàálù dẹwọ́ eré kó sì wálẹ̀, sílẹ̀, kò sì fìgbà kan bi mí rí pé níbo ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Ọjọ́ ìdánwò wá dé, bàbá tó ń dán mi wò jẹ́ ká rìn jìnnà dáadáa, ó fa throttle, ọ̀pá tó ń fún ẹ́ńjìnì lágbára, sẹ́yìn, ó ní ẹ́ńjìnì ti kú. Cessna 172 la gbé, mo mú eré ẹ̀ sí bíi 65 knots, mo yẹ epo wò, mo yẹ magneto tó ń dáná sí ẹ́ńjìnì wò, mo pe Mayday, igbe ìrànlọ́wọ́, lẹ́nu lásán, gbogbo ẹ̀ ń lọ geere. Àmọ́ pápá tí mo mú, torí pé ó gùn tó sì jọ tiwa ni mo ṣe mú un, afẹ́fẹ́ wá ń tì wá lẹ́yìn, mo já gbogbo flap sílẹ̀, bàálù ò wálẹ̀, àwọn igi tó wà níparí pápá ń sáré bọ̀ lójú wa. Ó ní kí n tẹná, ká gòkè padà. Èéfín ń jáde látorí ilé kan lápá òsì, ó dùbúlẹ̀ gbalaja, ó ń fi ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ hàn, ẹni tí wọ́n bá kọ́ ì bá ti rí i.

Apá kan yẹn nìkan ni wọ́n ní kí n wá tún ṣe, tó bá jẹ́ apá méjì ni mo ti fìdí rẹmi, gbogbo ìdánwò ni wọn ì bá ní kí n tún ṣe. Àmọ́ owó bàálù, owó olùdánwò, èmi ni mo san án, tísà kàn ní ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni ni. Inú ṣì ń bí mi sí ọ̀rọ̀ yẹn dòní.

Kẹ́ ẹ tó gbéra, ẹ wo runway, ojú ọ̀nà tí bàálù ti ń gbéra, tí wọ́n fún yín, torí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ ni bàálù máa ń kọjú sí gbéra, tó bá jẹ́ 24, ìyẹn bíi 240 lórí kọ́ńpáàsì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, ẹ fi sọ́kàn títí tẹ́ ẹ fi máa balẹ̀. Lókè, ẹ máa wá èéfín, ẹ máa wo adágún omi, etí tí omi bá ti pa rọ́rọ́, apá ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń wá. Kẹ́ ẹ sì sọ fún tísà yín kó fa throttle níbi tẹ́ ẹ ò tíì dé rí, nígbà tẹ́ ẹ bá ń wo máàpù lọ́wọ́. Tó bá ní kò pọndandan, ẹ wá tísà mìíràn.