Ẹ bá mi dúpẹ́: mo ti ń bọ́ bàtà sùn

Ẹ̀yin ará, mo jáde láti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, nítorí pé ohun tí ojú mi rí kì í ṣe kékeré. Oṣù 14 gbáko ni n kò fi ní ibi tí mo lè pè ní ilé. Iṣẹ́ ni ó kọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, lẹ́yìn náà ni n kò rí owó ilé san mọ́. Mo ń gbé ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ kan dé òmíràn títí ojú fi bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí, mo sì wá di ẹni tí ń sùn sí ibi tí ilẹ̀ bá ṣú u sí.

Ibùsùn pàjáwìrì, níbi tí wọ́n ti ń gba àwọn tí kò nílé sùn lálẹ́, ni mo kọ́kọ́ rí. Mo dúpẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ ni gbogbo wa ń kó ẹrù wa jáde, a ó sì tún wá tò ní ìrọ̀lẹ́. Ti ìwé ni ó wá tán mi ní sùúrù: àwọn tí mo tọrọ iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn ń béèrè káàdì ìdánimọ̀, àwọn tí ń ṣe káàdì ń béèrè àdírẹ́sì, kò sì sí àdírẹ́sì fún ẹni tí kò nílé, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ilé fún ẹni tí kò níṣẹ́. N kò mọ ẹni tí ó gbé ètò yẹn kalẹ̀, ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé kò sun ìta rí.

Nígbà tí wọ́n gbà mí sí ilé ìgbà díẹ̀, ibi tí ẹni tí kò nílé ti ń gbé títí yóò fi lè dá dúró nílé tirẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ni obìnrin tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ mi kọ́kọ́ fi lé mi lọ́wọ́. Mo wọ yàrá, mo ti ìlẹ̀kùn, mo ṣí i, mo tún tì í. Síbẹ̀, fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀ ni mo ń sùn, tí mo so okùn báàgì mọ́ ọrùn ọwọ́, nítorí pé ara mi kò tíì gbà pé ẹnikẹ́ni kò ní lé mi dìde. Obìnrin náà rí ẹrẹ̀ lórí aṣọ ibùsùn, kò bá mi wí.

Irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ibi àgbékú. Láti oṣù díẹ̀ dé nǹkan bí ọdún 2 ni wọ́n sábà máa ń fún ènìyàn. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni obìnrin yìí ń bá mi jókòó. A wá ìwé ẹ̀rí ìbí mi rí, a fi àdírẹ́sì ilé náà gba káàdì, a ṣí àkáǹtì sí báńkì, ó sì mú mi dé ọ̀dọ̀ onímọ̀ ìlera ọpọlọ, ẹni tí mo rò pé n kò nílò. Nígbà tí mo ríṣẹ́, mo ń yọ díẹ̀díẹ̀ sílẹ̀ de owó ilé. Òfin wà níbẹ̀, n kò ní purọ́: aago ìwọlé alẹ́ bí mi nínú, nítorí àgbàlagbà ni mí.

Ní oṣù kọkànlá tí mo ti wà níbẹ̀ ni mo kó jáde lọ sí ilé tí a kọ orúkọ mi sí ìwé rẹ̀. Obìnrin náà ṣì ń wá wò mí. Nígbà tí ó kọ́kọ́ wá, ó rí bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà, ó wò ó títí, ó sì bọ́ tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.