Oorun Ni Kó Ṣáájú: Ẹ̀kọ́ fún Ẹ̀yin Tó Ń Bọ̀ Lẹ́nu Iṣẹ́ Ìtọ́jú Ẹranko

Ẹ̀yin àbúrò wa, bí ẹ bá pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ní ilé ààbò ajá àti ológbò, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọ́n á gbé ẹranko tí kò ṣeé wò sàn mọ́ wá bá yín: ajá tí ọkọ̀ ti fọ́ egungun ẹ̀yìn rẹ̀, ológbò tí kíndìnrín rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́, ọmọ ajá tí àrùn parvo ti fa omi ara rẹ̀ gbẹ tán. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ló wà nídìí gbogbo ohun tí a fẹ́ sọ nípa ikú ìrọ̀rùn, ìyẹn pípa irú ẹranko bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ kó jìyà: ọpọlọ ẹranko gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sùn, kí mímí rẹ̀ tó dúró, kí ọkàn rẹ̀ tó dúró. Bí ẹ bá yí i padà, ìyà lẹ fi jẹ ẹ́, bó ti wù kí ikú náà yá tó.

Láti 1963 ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹranko ní Amẹ́ríkà, AVMA, ti ń kó ìgbìmọ̀ jọ lórí ikú ìrọ̀rùn fún ẹranko. Nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2020, pentobarbital tí a fà sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi síwájú fún ajá àti ológbò. Oògùn oorun ni. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá ti kọjá ti oorun, yóò dá ibi tí ọpọlọ ti ń darí mímí dúró, ọkàn yóò sì tẹ̀ lé e. Ká tó ka iye díẹ̀, ẹranko náà ò mọ nǹkan kan mọ́.

Ẹ má tíì mú síríńjì o. Ẹ kọ́kọ́ wo ìwé ẹranko náà, ẹ wo nọ́ńbà ọrùn rẹ̀, ẹ fi ẹ̀rọ wá máíkíróṣíìpù (ohun ìdánimọ̀ kékeré tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ) lára rẹ̀, kí ẹnì kejì sì tún un wò. Ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n, ẹ má fojú díwọ̀n rẹ̀. Irun ń tan ojú jẹ: ajá onírun púpọ̀ lè dà bíi pé ó wúwo, kí ó má sì tó ìdajì ohun tí ẹ rò. Tí ajá tó tóbi bá sì tẹ̀wọ̀n ju bí ẹ ṣe fojú wò ó lọ, oògùn á kéré, ajá á sùn, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í jí. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ìgò fún kílò kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Bí ẹranko náà bá ń bẹ̀rù, tàbí tó ń bù jẹ, tàbí tó ń jẹ̀rora, ẹ kọ́kọ́ fún un ní oògùn oorun nínú ẹran ara. Xylazine miligíráàmù 1 sí 2 fún kílò kan pẹ̀lú ketamine miligíráàmù 10 ni ọ̀pọ̀ dókítà ń lò fún ajá. Lẹ́yìn náà, ẹ pa iná kù, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 10 sí 15. Ibí yìí ni àwọn ọ̀dọ́ ti máa ń ba iṣẹ́ jẹ́: wọ́n á máa kì í mọ́lẹ̀, wọ́n á máa pè é lórúkọ, wọ́n á máa ṣí ilẹ̀kùn wò ó, ariwo yẹn kò sì ní jẹ́ kí oògùn ràn án. Xylazine lè mú kó bì, pàápàá ológbò, torí náà ẹ yí orí rẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀. Ó tún máa ń sún iṣan ẹ̀jẹ̀ kì, kí ó wá ṣòro láti rí. Bí ẹranko bá jẹ́ẹ́, àwa fẹ́ràn kí a ti fi kánúlà, ọ̀pá rọ́bà tín-ín-rín tó ń dúró sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, sí i lẹ́sẹ̀ kí oògùn oorun tó wọlé.

Ó wá kan iṣan ẹ̀jẹ̀. Èyí tó wà níwájú ẹsẹ̀ iwájú ló rọrùn jù. Ẹ fá irun ibẹ̀, ẹ fi spírítì nù ún kí iṣan náà hàn, kí ẹni tó ń dì í mú fi àtàǹpàkò di òkè rẹ̀ nítòsí ìgúnpá, tàbí kí ẹ fi rọ́bà so ó. Ìsàlẹ̀, lẹ́bàá ọrùn ẹsẹ̀, ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ lè ráyè gùn sókè bí iṣan náà bá bẹ́. Abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 20 tàbí 22 ló máa ń tó. Oògùn náà kì, nítorí náà ó máa ń lọ́ra lẹ́nu abẹ́rẹ́ tín-ín-rín. Ẹ fà á sẹ́yìn díẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá tú sínú síríńjì bí èéfín pupa, ẹ ti wọlé. Kí ẹni tó dì í tú àtàǹpàkò rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó tì í. Bí awọ ibẹ̀ bá ń wú, tàbí tí ẹranko náà fa ẹsẹ̀, ẹ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: oògùn ti jáde sí ẹran, ó sì ń jóni nítorí kẹ́míkà rẹ̀ le. Ẹ wá ibòmíràn sókè, tàbí ẹsẹ̀ kejì.

Fún ọmọ ológbò àti ọmọ ajá tí iṣan wọn kò ṣeé rí, a lè fún wọn nínú ihò ikùn. Ó máa ń pẹ́, nígbà míràn ju ìṣẹ́jú 15 lọ, wọ́n sì lè ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ kí wọ́n tó sùn. Ẹ fi aṣọ wé wọn, ẹ fi wọ́n sínú àpótí kékeré tó ṣókùnkùn. Ẹ má gún ọkàn ẹranko tó bá mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láéláé. Ẹni tó ti sùn fọnfọn nìkan ni èyí wà fún.

Bí pentobarbital ò bá sí lọ́wọ́, a lè fi potassium chloride dá ọkàn dúró, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ jẹ́ lẹ́yìn oorun tó jinlẹ̀ bíi ti iṣẹ́ abẹ. Xylazine nìkan ò tó: ajá tó dàbíi pé ó sùn lè jí nígbà tí ìrora bá dé. Ẹ tẹ ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ líle, ẹ fọwọ́ kan ìpéǹpéjú rẹ̀. Bí ó bá fa ẹsẹ̀ tàbí tó ṣẹ́jú, kò tíì yá.

Àwọn tó ń da òtapiápiá sínú ẹran fún ajá àdúgbò, ẹ bá wa bẹ̀ wọ́n. Dichlorvos tó sábà máa ń wà nínú rẹ̀ ń mú kí itọ́ máa dà, kí ara máa gbọ̀n, kí mímí há, ajá sì mọ gbogbo rẹ̀. Èéfín ẹ́ńjìnnì, rírì sínú omi, àti oògùn tó ń rọ iṣan ara láìmú oorun wá, ọ̀kan náà ni wọ́n nínú ìyà. Bẹ́ẹ̀ ni fún ọmọ ẹranko nínú àpótí gáàsì: ara wọn lè fara da àìsí afẹ́fẹ́ ju ti àgbà lọ, wọ́n sì ń pẹ́ kí wọ́n tó kú.

Ẹ sọ fún olówó ẹranko ṣáájú pé ojú rẹ̀ kò ní padé, pé ó lè mí gbìì kan tàbí méjì, kó tọ̀, kí ara rẹ̀ fò díẹ̀, gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn tí kò mọ nǹkan kan mọ́. Bí ẹ kò bá sọ ọ́, wọn á rò pé ó jìyà.

Ikú gbọ́dọ̀ dájú kí ẹ tó gbé òkú lọ. Ẹ fi stẹ́tósíkópù gbọ́ ọkàn fún ìṣẹ́jú 5 gbáko, ẹ wo bóyá ó ń mí, ẹ fọwọ́ kan ojú rẹ̀. Ẹranko tí kò tíì kú tí wọ́n gbé sínú fíríìsà jẹ́ ẹ̀bi wa.

Bí ajá náà bá ti bu ènìyàn jẹ, tó sì tún yá gágá, ẹ fi sí àhámọ́ fún ọjọ́ 10, ẹ máa wò ó. Bí dìgbòlugi bá hàn lára rẹ̀, tó sì di dandan kí a pa á, ẹ má fọ́ orí rẹ̀, ẹ má yìnbọn sí i: ọpọlọ ni wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò, ilé ìwádìí àrùn ẹranko, NVRI, ní Vom sì ń ṣe é ní Nàìjíríà. Ẹ fi yìnyín gbé orí náà, ẹ má jẹ́ kó dì, ẹ má fi formalin, oògùn tí kì í jẹ́ kí òkú jẹrà, sí i. Ẹni tó ń di ajá mú gbọ́dọ̀ ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi.

Òkú tó ní pentobarbital nínú kì í ṣe ohun tí a ń jù sí ààtàn. Oògùn náà wà nínú ẹran fún ìgbà pípẹ́, ó sì ti pa ẹyẹ idì tó jẹ òkú bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ẹ sun ún, tàbí ẹ sin ín jìn lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ fi erùpẹ̀ bò ó dáadáa kí ajá mìíràn má baà wú u. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ iye mílílítà tí ẹ lò sínú ìwé oògùn, kí ẹ̀yin méjèèjì tó wà níbẹ̀ fọwọ́ sí i, kí ẹ sì fi omi àti ọṣẹ fọ tábìlì kí ẹranko tó kàn tó gbọ́ òórùn èyí tó ṣáájú.