Kí lẹ máa fi èsì yẹn ṣe?

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ dókítà, ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni mo fẹ́ kọ síbí, torí fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò tí mò ń rí lọ́wọ́ yín ti sú mi, ẹ kàn ń máàkì gbogbo ẹ̀ lọ ràì ni.

Àkọ́kọ́, decision analysis, ìyẹn ká fi ìṣirò wo ohun tó yẹ ká ṣe fún aláìsàn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn onípùròfẹ́sọ̀ nìkan. Láti 1980 ni àwọn dókítà ará Amẹ́ríkà méjì, Pauker àti Kassirer, ti là á sílẹ̀ pé ìlà méjì ló wà tá a fi ń wo bó ṣe ṣeé ṣe tó kí àìsàn kan wà lára èèyàn. Tí kò bá dé ìlà àkọ́kọ́, tó ṣòro kí àìsàn yẹn wà lára ẹni náà, ẹ má yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ má fún un lóògùn. Tó bá ti kọjá ìlà kejì, tó hàn gbangba pé òun ni, ẹ tọ́jú ẹ̀, kí lẹ tún ń dúró de lábù fún? Àárín ìlà méjèèjì ni àyẹ̀wò ti wúlò. Oògùn tó bá le lára á ti ìlà kejì sókè, àìsàn tó bá ń yára pani á fà á wálẹ̀.

Ìkejì, ẹ máa ṣírò. Ká ní nínú 1,000 èèyàn, 20 ló ní àìsàn kan, àyẹ̀wò yín sì ń mú 90 nínú 100 tó ní in, ó ń dá 90 nínú 100 tí ò ní in sílẹ̀. Èèyàn 18 tó ń ṣàìsàn lóòótọ́ á jáde ní pọ́sítíìfù, 98 tí nǹkan kan ò ṣe náà á jáde ní pọ́sítíìfù. Ẹ wá fún gbogbo wọn ní antibáyọ́tíìkì, àbí?

Ìkẹta... ẹ jẹ́ n kúkú sọ ti màmá kan tó ti lé lẹ́ni 80 ọdún. Orúnkún ló gbé wọn wá. Wọn ò níbà, ìtọ̀ ò ta wọ́n, àmọ́ ẹnìkan ṣáà gba ìtọ̀ wọn lọ sí lábù kí fáìlì lè pé. Bakitéríà hù. Mo ní, ọ̀gá, ẹ dákun, ìtọ̀ àwọn ìyá àgbà máa ń ní bakitéríà tí kì í ṣe wọ́n ní nǹkan kan, kí la fẹ́ fi èsì yìí ṣe? Ọ̀gá bá pariwo mọ́ mi lójú gbogbo wọ́ọ̀dù, wọ́n ní ṣé èmi ni mo fẹ́ wá kọ́ àwọn níṣẹ́. Màmá gba antibáyọ́tíìkì. Kò pẹ́ tí ìgbẹ́ gbuuru fi dé, bakitéríà kan tí wọ́n ń pè ní C. difficile ló fà á, torí oògùn ti pa bakitéríà rere inú ìfun, burúkú wá ráyè gbilẹ̀. Wọ́n rù kan eegun. Gbogbo ìgbà tí mo bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn ni wọ́n ń di aṣọ mi mú, "Dókítà, orúnkún ni mo wí o." Kò sẹ́ni tó yẹ orúnkún yẹn wò. Nígbà tá a jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ní ara àgbà ló fà á.

Ìlànà IDSA, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ àrùn àkóràn ti Amẹ́ríkà, ní 2019 sọ ọ́ láìfi bò: ẹ má wá bakitéríà nínú ìtọ̀ ẹni tí kò ní àmì àìsàn kankan, àfi aboyún àti ẹni tó fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ abẹ tó lè dá egbò sí ọ̀nà ìtọ̀. Títí dòní, kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí.

Torí náà, lọ́dọ̀ mi, kẹ́ ẹ tó fi ìgò ìtọ̀ ránṣẹ́, ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́ọ̀mù: tó bá jẹ́ pọ́sítíìfù, màá ṣe báyìí, tó bá jẹ́ nẹ́gátíìfù, màá ṣe báyìí. Tí méjèèjì bá jọra, ẹ da ìtọ̀ yẹn nù. Ẹni tó bá sì tún kọ "routine" síbẹ̀, ìyẹn pé bá a ṣe máa ń ṣe é nìyẹn, màá dá fọ́ọ̀mù ẹ̀ padà, kó lọ fi ẹjọ́ mi sun ẹni tó bá wù ú.