Ta Ló Ń Mu Epo Inú Jíìpù Yìí?

Ìwé ẹ̀sàẹ̀sì kan wà nínú jíìpù mi, mo fi òwú ìránṣọ so bírò mọ́ ọn. Ẹni tó bá jókòó síwájú á rí i, á ní, "Ìyá Tóbi, ṣé ẹ ti wá di ọlọ́pàá ojú pópó ni?" Ìwé epo ni. Gbogbo lítà tó wọ inú ọkọ̀ yẹn láti oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ló wà níbẹ̀: ọjọ́, ilé epo, iye lítà, iye owó, iye tí mítà kà. Aṣọ ni mo ń tà ní ọjà Gbági n'Ìbàdàn. Ọlọ́jà tí kì í kọ nǹkan sílẹ̀, owó ọjà ló máa fi ra epo láìmọ̀.

Toyota Highlander ọdún 2010 ni, V6 (ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà), lítà 3.5, tòkúnbọ̀ láti Amẹ́ríkà. Ọdún 2019 la rà á, nígbà tí Corolla wa kò gba ọmọ mẹ́ta, ìyá ọkọ mi àti ẹrù ọjà mọ́. Lọ́dún náà, ₦145 ni lítà epo kan. Táńkì jíìpù yìí ń gba nǹkan bíi lítà 72, nítorí náà ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá náírà ti kún un, ṣéńjì á tún kù tí màá fi ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún àwọn ọmọ. Kò sẹ́ni tó bèèrè bó ṣe ń mu epo. Ẹ tún rántí ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Tinubu búra wọlé tó sì kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Kí oṣù yẹn tó parí, iye tí wọ́n ń ta epo ti ju ìlọ́po méjì lọ. Nígbà tó máa fi di ìparí ọdún 2024, lítà kan ti tó ẹgbẹ̀rún náírà. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ₦72,000 kí táńkì kan tó kún.

Gbogbo ará ilé wa ló ní ká ta jíìpù. Bàbá Tóbi nìkan ló ní irọ́ ni. Ó fi ọwọ́ kan dáṣíbọ́ọ̀dù, ó ní, "Wò ó, 15 ló kọ síbẹ̀. Kìlómítà 15 lórí lítà kan ṣoṣo! Kí lẹ tún ń fẹ́?"

Mo gbà á gbọ́ fún bí ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ kẹrin ni mo rí lẹ́tà kéékèèké tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ 15 yẹn: mpg. Jíìpù Amẹ́ríkà ni, máìlì ló ń kà. Máìlì 15 lórí gálọ́ọ̀nù kan ló ń sọ, gálọ́ọ̀nù tiwọn sì ni o, tó jẹ́ lítà 3.785, kì í ṣe kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ yẹ́lò tí a fi ń ra epo pupa. Ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín wá láti Amẹ́ríkà, ẹ mú iye tó bá kọ fún yín, ẹ fi 0.425 sọ ọ́ di púpọ̀, kìlómítà tí ẹ ń rí lórí lítà kan nìyẹn. 15 ti Bàbá Tóbi di 6.4. Nígbà tí mo fi ìwé wọ̀n ọ́n fúnra mi, kò tilẹ̀ dé ibẹ̀.

Báyìí ni mo ṣe ń wọ̀n ọ́n. Ilé epo kan ṣoṣo, ẹnu pọ́ǹpù kan ṣoṣo. Màá ní kí wọ́n rọ ọ́ títí pọ́ǹpù á fi dún "ta" tó sì dá dúró fúnra rẹ̀. Màá dá mítà ìrìnàjò padà sí òdo. Màá wa ọkọ̀ mi lọ. Bí mo bá padà wá, mo tún rọ ọ́ títí tó fi dún "ta". Iye lítà tó bá wọlé lẹ́ẹ̀kejì yìí, òun ni ohun tí jíìpù mu. Wàhálà mi ni ọmọ tó ń ta epo. Bó bá ti dún báyìí, tó rí i pé ó dúró sí ₦58,640, á ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ di 60." Èmi á ní, "Rárá, ọmọ mi, ibi tó dúró sí yẹn ni kó dúró sí." Á wò mí bí ẹni tó rí ahun. Ní báyìí ó ti mọ̀ mí, bó bá ti rí jíìpù mi, ó ń pariwo sí èkejì rẹ̀ pé, "Mọ́mì oníwèé ti dé o!"

Ìwé yìí ló sì jẹ́ kí n mọ ilé epo kan, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, tó ta lítà 76 fún mi. Táńkì lítà 72 tí epo ṣì wà nílẹ̀ rẹ̀! Mo bi wọ́n bóyá wọ́n bu ìyókù sínú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní mítà kì í parọ́. Mi ò bá wọn jà, àmọ́ mi ò tún yà síbẹ̀ mọ́.

Ìwọ̀n àkọ́kọ́ láàárín ìgboro, láti Akóbọ̀ sí Gbági, láti Gbági sí ilé ìwé àwọn ọmọ ní Bódìjà, ká tún padà: máìlì 201, lítà 60. Ìyẹn kìlómítà 5.4 lórí lítà kan. Bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe fún irú jíìpù yìí, bí wọ́n bá pa ìgboro àti òpópónà pọ̀, máìlì 19 lórí gálọ́ọ̀nù kan ni, ó lé díẹ̀ ní kìlómítà 8. Mo mọ̀ pé kò sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìwó Road nínú ìwọ̀n tiwọn. Síbẹ̀, ọ̀nà jìn láti 5.4 dé 8.

Alfa, mẹkáníìkì wa, ní sensọ̀ ni. Mẹkáníìkì ò ní ṣàì rí sensọ̀. Ó ní sensọ̀ méjì la máa pààrọ̀, pẹ̀lú púlọ́ọ̀gì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó sì dá owó lé e tí mo fi gbọ́dọ̀ jókòó. Mo ní, "Alfa, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo àwọn ohun tí kò gbowó."

Táyà la kọ́kọ́ wò. Fọkanáísà tí mò ń lọ bá tẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ ló fi ń wọn táyà: á ta á nípàá lẹ́ẹ̀kan, á ní, "Ó dáa, Màmá." Mo ra géèjì kékeré tèmi. Ohun tí mo bá nínú táyà mẹ́rin: 22, 24, 19, 22, bẹ́ẹ̀ ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara òpó ilẹ̀kùn dírẹ́bà sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Èyí tó jẹ́ 19 yẹn, ìṣó ló wà nínú rẹ̀, ó ń yọ́ jò. Lẹ́yìn náà ni mo ṣí búútù. Òkìtì àǹkárá tí kò tà láti ọdún tó kọjá, kẹ́ẹ̀gì epo jẹnẹrétọ̀, àti odó. Odó gidi, pẹ̀lú ọmọrí rẹ̀, láti Iléyá tí a ti lọ gbé ìyá ọkọ mi wá. Mo sọ gbogbo rẹ̀ kalẹ̀, àmọ́ kí n má parọ́, ẹrù kì í pa epo tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Àwọn ará Amẹ́ríkà yẹn ní bíi kìlò 45 ló ń dín in kù ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Odó yẹn kàn ń pariwo ní gbogbo kòtò ni.

Olè gan-an ni ẹnu ọ̀nà ilé ìwé. Mo máa ń tètè dé kí n lè rí ibi páàkì sí, màá gbé gíláàsì sókè, màá tan éèsì, màá máa dá àwọn oníbàárà lóhùn lórí WhatsApp. Ìṣẹ́jú márùndínlógójì lójoojúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀: wákàtí mẹ́ta ó dín díẹ̀ tí V6 odindi fi ń ṣiṣẹ́ lójú kan. Epo ń lọ, mítà ò kúrò lójú kan. Mo ti ń san owó yàrá òtẹ́ẹ̀lì láti jókòó sẹ́nu géètì. Ní báyìí mo ń pa á, màá lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò lọ́dọ̀ ìyá oníguguru. Kí oṣù kan tó pé, obìnrin yẹn ti ra lace mẹ́ta lọ́wọ́ mi.

Ìwọ̀n kejì, ọ̀nà kan náà, epo lítà 60: máìlì 242. Ó ti di kìlómítà 6.5. Alfa ò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ kárííà ló wá dá ìjà sílẹ̀ nílé.

Bàbá Tóbi fẹ́ràn láti máa fi nǹkan ṣe ọkọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Ládipọ̀ ní Muṣin ló ti ra irin iwájú, àtẹ̀gùn ẹ̀gbẹ́, iná funfun tó ń fọ́ni lójú, àti kárííà dúdú ńlá tó wà lórí òrùlé, tí a kì í sábà di nǹkan kan sí. Bí a bá ti sáré dé 80 lójú ọ̀nà márosẹ̀, kárííà yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Bàbá Tóbi ní agbára ẹ́ńjìnnì ló ń dún. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni mo ń lọ ra ọjà ní Balógun l'Ékòó, nítorí náà ìdánwò rẹ̀ kò ṣòro. Mo lọ mo bọ̀ pẹ̀lú kárííà tó ṣófo lórí: máìlì 173, lítà 38. Ó jẹ́ kìlómítà 7.3. Kí n tó tún lọ, mo pe Alfa àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n fi sípánà tú nọ́ọ̀tì mẹ́jọ, méjì ti dógùn-ún, wọ́n fi òòlù lù wọ́n kí wọ́n tó gbà. Mo lọ, mo bọ̀: máìlì 172, lítà 30 ààbọ̀. Kìlómítà 9.1. Ọ̀nà kan náà, dírẹ́bà kan náà, àwọn táyà kan náà. Lítà méje ààbọ̀ ni ìsúfèé yẹn ń mu nínú ìrìnàjò kan.

Mo gbé ìwé síwájú Bàbá Tóbi lẹ́yìn tó jẹun tán. Ó wò ó, ó tún un wò. Ó ní, "Ìyá Tóbi, jíìpù tí kò ní kárííà, ṣebí bí ọkùnrin tó ṣí orí sílẹ̀ lọ òde ìyàwó ni."

Mo ní, "Bàbá Tóbi, fìlà tó ń jẹ ₦7,500 ní gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i."

Kì í ṣe gbogbo nǹkan tó rà ló burú. Kámẹ́rà ẹ̀yìn wúlò gan-an ni; bí aṣọ bá ti kún búútù dé òrùlé, òun nìkan ni mo fi ń rí àwọn alábàárù tó ń gba ẹ̀yìn mi kọjá ní Gbági. Síkíríìnì ńlá tó so kámẹ́rà náà mọ́ ni mi ò dárí jì. Ẹni tó so ó gé wáyà tí kò yẹ kó gé, bátìrì ń kú mọ́jú fún ọ̀sẹ̀ méjì kí rìwáyà mìíràn tó bá wa tún un ṣe.

Àṣìṣe tèmi ni kápẹ́ẹ̀tì. Òjò ń rọ̀, ẹrẹ̀ ń wọlé, mo bá ra kápẹ́ẹ̀tì rọ́bà, mo tẹ́ ẹ lé èyí tó wà nílẹ̀ lórí. Mo ń sọ̀ kalẹ̀ láti Mọ́kọ́lá lọ́jọ́ kan, mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ìtẹ̀, ọkọ̀ ò dín eré kù. Etí rọ́bà ti há mọ́ ìtẹ̀. Mo fi ẹsẹ̀ òsì yí i dànù, mo tẹ búréèkì, ọkàn mi ń lù kìkì. Ó pẹ́ kí n tó kà á pé ní 2010, ọ̀rọ̀ kápẹ́ẹ̀tì tó ń há mọ́ ìtẹ̀ yìí gan-an ni Toyota torí rẹ̀ pe àwọn Highlander 2008 sí 2010 padà ní Amẹ́ríkà. Ẹyọ kan ṣoṣo ló yẹ kó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ dírẹ́bà, kí ẹ sì fi ìkọ́ rẹ̀ há a mọ́lẹ̀.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù lọ nínú gbogbo rẹ̀, a ò tilẹ̀ rà á. Àga méjì ló wà láàárín jíìpù nígbà tí a rà á, àlàfo ló wà láàárín wọn. Nítorí náà, ìyá ọkọ mi, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n, ni ó ń gun ẹ̀yìn pátápátá lọ jókòó, tí àwọn ọmọ á máa tì wọ́n lẹ́yìn. Ọdún mẹ́rin gbáko. Lọ́jọ́ kan, Tóbi ń wá owó kọ́ìnì tó jábọ́, ó wo inú àlàfo tó wà lábẹ́ ibi ìgbọ́wọ́lé iwájú láti ẹ̀yìn, ó ní, "Mọ́mì, àga kan wà níbí." Mo ní kó má ṣeré. Ó fà á jáde: àga kékeré, aláwọ̀ kan náà pẹ̀lú àwọn yòókù, eruku Amẹ́ríkà ṣì wà lára rẹ̀. A gbé e sáàárín, ó wọlé "kọ́", ìlà kejì di ibi ẹni mẹ́ta. Ìyá wò ó, wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Láti ọjọ́ wo ni àga yìí ti ń sùn níbẹ̀?"

Àwọn kan ní kí n yí ọkọ̀ náà sí ti gáàsì CNG. Mo lọ wo ti ẹnìkan ní ọjà wa. Sílíńdà rẹ̀ gba ìdajì búútù, níbi tí aṣọ mi ń jókòó sí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Kárííà ṣì wà lẹ́yìn ilé, Bàbá Tóbi ò gbà ká tà á, ó ní a ò mọ̀la. Ìyá ti fi búlọ́ọ̀kù mẹ́rin gbé e ró, wọ́n tẹ́ àpò sí i lórí, èlùbọ́ ni wọ́n ń sá síbẹ̀.