Kí Ẹ Tó Kúrò ní Ìjọ Onítẹ̀bọmi: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ ní Èkó

Bí ẹ bá ń rò ó láti kúrò ní Ìjọ Onítẹ̀bọmi bọ́ sí ìjọ mìíràn, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ bi ara yín ni pé: kí ni mò ń lọ bá? Ohun tó ń lé èèyàn jáde kì í ṣòro mọ̀. Díákónì kan lè fi ọ̀rọ̀ gún wa lára, wọ́n lè dìbò nípàdé ìjọ kí ẹni tí a fẹ́ má wọlé, pásítọ̀ sì lè wàásù kó dà bíi pé àwa ló ń bá wí. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè mú èèyàn dìde kúrò lórí ìjókòó, àmọ́ kò lè mú un jókòó pẹ́ níbi tó bá gbà lọ. Ẹ jẹ́ kí ìjà tán ná. Tí ìjà bá tán, tí ọkàn yín ṣì ń fà sí ibòmíràn, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ ni.

Ẹ̀bùté-Mẹ́ta ni wọ́n bí mi sí, inú Ìjọ Onítẹ̀bọmi ni mo sì dàgbà sí. Mo ti Sunbeam, ẹgbẹ́ àwọn ọmọdé, dé G.A., ẹgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin, mo wọ ẹgbẹ́ Lydia ti àwọn ọ̀dọ́bìnrin, mo sì ti bá àwọn ìyá W.M.U., ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ, dáná ìkórè títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọmọ Ìjọ Áńgílíkà ni mí lónìí. Kò sẹ́ni tó lé mi, n kò sì bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀tá.

Àdúrà ló kọ́kọ́ fa ọ̀rọ̀ náà. Ọkọ mi dùbúlẹ̀ àìsàn, àìsàn tó pẹ́. Àwa Onítẹ̀bọmi, wọ́n kọ́ wa láti kékeré pé kí a máa gbàdúrà látinú ọkàn wá, kì í ṣe látinú ìwé, mo sì mọ̀ ọ́n gbà dáadáa. Èmi ni wọ́n máa ń pè lọ́jọ́ ìṣọ́ òru. Nígbà tí àìsàn yẹn wá wọlé, ọkàn mi gbẹ. Màá kúnlẹ̀, ọ̀rọ̀ kò ní jáde. Ìyá àgbà kan wà nínú ilé tí à ń gbé, ará Áńgílíkà ni wọ́n. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń gbé Ìwé Àdúrà wọn wá, èyí tí wọ́n ti fi téèpù dúdú di ẹ̀yìn rẹ̀ nítorí pé ó ti ń tú. Wọ́n á kà, èmi á dáhùn. “Olúwa, ṣàánú fún wa. Kristi, ṣàánú fún wa. Olúwa, ṣàánú fún wa.” Wọn ò ní kí n fi nǹkan kan kún un. Wọ́n á pa ìwé dé, wọ́n á ní kí n lọ jẹun.

Ọkọ mi gbádùn, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n àdúrà yẹn kò kúrò lẹ́nu mi mọ́. Inú mi dùn sí i pé ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń gba ọ̀rọ̀ kan náà kí wọ́n tó bí mi, àti pé mo lè wọ inú rẹ̀ lọ́jọ́ tí n kò ní ọ̀rọ̀ kankan fúnra mi.

Síbẹ̀, n kò torí ìyẹn lọ. Ìwé àdúrà ṣeé rà, ẹ sì lè jókòó sí Ìjọ Onítẹ̀bọmi kí ẹ máa kà á nílé. Ìgbàgbọ́ tó wà lẹ́yìn ìwé náà ni mo lọ yẹ̀ wò. Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa ló kọ́kọ́ yanjú fún mi. Ìrántí ni wọ́n fi kọ́ wa: à ń jẹ búrẹ́dì, à ń mu wáìnì, a sì ń rántí ikú Rẹ̀. Ìlànà 39 tí Ìjọ Áńgílíkà gbé ìgbàgbọ́ wọn lé sọ pé a ń gba ara Kristi níbẹ̀ lọ́nà ti ọ̀run, lọ́nà ti ẹ̀mí, ìgbàgbọ́ sì ni ọwọ́ tí a fi ń gbà á. Nígbà tí mo kà á, mo rí i pé ohun tí mo ti gbà gbọ́ tipẹ́ nìyẹn, tí n kò lè sọ jáde.

Ìtẹ̀bọmi ló le jù. Ẹni tó bá ń kúrò lọ́dọ̀ wa tó ní ìtẹ̀bọmi kò já mọ́ nǹkan kan, kò tíì mọ ohun tó ń fi sílẹ̀. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí mo ti wá, abẹ́ pẹpẹ ni omi wà. Tí ọjọ́ ìtẹ̀bọmi bá pé, àwọn ọkùnrin á gbé pátákó kúrò, a óò máa kọrin, àwọn tó wọ aṣọ funfun á máa sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí mo wà báyìí, ọpọ́n òkúta ni, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n sì gbé e sí, nítorí pé ìsàmì ni a fi ń wọlé. Ọ̀kan ní kó o gbàgbọ́ kó o tó wọ omi. Èkejì ní kí a gbé ọmọ wọlé, kó dàgbà sínú ìgbàgbọ́, kó wá fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù bá ń gbọ́wọ́ lé e lórí, èyí tí Òyìnbó ń pè ní confirmation. Èmi jà sí i pẹ́. Ohun tó là á fún mi ni ìsọmọlórúkọ wa. Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ kò mọ ohun tí oyin jẹ́, kò mọ ataare, kò sì sẹ́ni tó bi í bóyá ó fẹ́ orúkọ. Síbẹ̀ orúkọ náà di tirẹ̀, òun ló sì máa fi ìwà rẹ̀ gbé e. Ọjọ́ kẹjọ náà ni Ọlọ́run ní kí Ábúráhámù máa kọ ọmọkùnrin nílà. Mo mọ̀ pé àwọn ará mi àtijọ́ ní èsì sí èyí, èsì tó dáa, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Kò kàn bá mi lára mu mọ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún ẹ̀yin tí ọkàn yín ń dá lẹ́bi. Àwọn baba Onítẹ̀bọmi, John Smyth tó dá ìjọ sílẹ̀ ní Amsterdam ní 1609 àti Thomas Helwys tó padà sí London ní 1612, kò gbà kí ọba fi ipá mú ọkàn ẹnikẹ́ni. Helwys kọ̀wé sí James, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pé ọba kò ní àṣẹ lórí ọkàn tí kì í kú, ẹ̀wọ̀n ló sì kú sí. Nínú ìjọ wa ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn, pé kò sẹ́ni tó lè gbàgbọ́ fún ọmọnìkejì rẹ̀. Òun ló jẹ́ kí n lè jáde láìbẹ̀rù.

Èkó pàápàá mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Láti 1850 tí Bowen, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, ti gúnlẹ̀ sí Badagry ni Onítẹ̀bọmi ti wà nílẹ̀ wa. Ní 1888, Mọ́jọlà Agbébì, tí wọ́n ń pè ní David Brown Vincent nígbà náà, pẹ̀lú àwọn mìíràn jáde kúrò ní Ìjọ Onítẹ̀bọmi àkọ́kọ́ l'Ékòó, wọ́n dá tiwọn sílẹ̀ lábẹ́ àkóso ọmọ ilẹ̀. Ní 1914 tí àwọn Onítẹ̀bọmi ilẹ̀ Yorùbá para pọ̀, òun náà ni wọ́n fi ṣe ààrẹ. Ní 1901, Bẹ́tẹ́lì ti Ìjọ Áfíríkà jáde láti Breadfruit, ìjọ Áńgílíkà kan l'Ékòó. Josiah Akíndayọ̀mí ti inú Kérúbù àti Séráfù jáde kó tó dá Ìjọ Ìràpadà (Redeemed) sílẹ̀ l'Ékòó ní 1952. Nítorí náà, ẹni tó bá pè yín ní apẹ̀yìndà nítorí pé ẹ ṣí kúrò níbi kan lọ síbòmíràn lábẹ́ Kristi kan náà, ẹ fún un ní ìdáhùn pẹ̀lẹ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ohun tí ọwọ́ ń ṣe.

Ẹ béèrè ohun tí wọ́n máa ṣe sí ìtẹ̀bọmi yín. Áńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì àti Kátólíìkì gba ìtẹ̀bọmi tí wọ́n ṣe fún yín ní orúkọ Baba, Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́. Wọn kò ní tún un ṣe. Kíláàsì ló kù, àti ìgbọ́wọ́lé. Ní ìjọ tí mo lọ, wọ́n ní kí n dúró di ìgbà tí Bíṣọ́ọ̀bù bá gbọ́wọ́ lé mi kí n tó jẹ ara Olúwa. Ìdúró yẹn dùn mí gidi, èmi tí mo ti ń jẹ ẹ́ láti kékeré, ṣùgbọ́n mo dúró. Tó bá jẹ́ CAC (Christ Apostolic Church) tàbí Ìjọ Ìràpadà ni ẹ ń lọ, àwọn náà ń ri àgbà bọmi bíi ti Onítẹ̀bọmi, ìyàtọ̀ wà níbòmíràn.

Ẹ béèrè ẹni tó ń yan àlùfáà. Nínú Ìjọ Onítẹ̀bọmi, ìjọ ló ń pe pásítọ̀, ìjọ ló ń nawọ́ sókè. Nínú Áńgílíkà, Bíṣọ́ọ̀bù ló ń rán Fíkà, àlùfáà tó ń bójú tó ìjọ, wá, òun náà ló ń gbé e lọ. Ẹ má torí Fíkà kan tó mọ ìwàásù ṣe yan ìjọ. Wọ́n lè gbé e lọ kí kíláàsì yín tó parí. Títí di òní, àárò ìpàdé ìjọ wa ń sọ mí, níbi tí ìyá aláta lè dìde kó bi lọ́yà léèrè bí wọ́n ṣe náwó. Àárò ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi tàwọn àgbà náà ń sọ mí. Tí ẹ bá fẹ́ràn rẹ̀ bíi tèmi, ẹ wá ìjọ tó ní ẹ̀kọ́ Bíbélì láàárín ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì máa lọ.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ má lọ wo ìjọ tuntun lọ́jọ́ ìkórè tàbí lọ́jọ́ Kérésì. Ẹ lọ lọ́jọ́ Àìkú tí òjò ń rọ̀, tí kò sí àlejò pàtàkì, kí ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn lẹ́yìn ìsìn. Kí ẹ sì wo ọ̀nà. Ìjọ tó jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ gba afárá Third Mainland kọjá kí ẹ tó dé ibẹ̀ kò ní rí yín lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Kàtídírà Marina wù mí, orin ibẹ̀ wù mí gan-an, àmọ́ èyí tí mo lè fẹsẹ̀ rìn dé ní agbègbè Yábàá ni mo yàn.

Ọ̀rọ̀ màmá mi ni mo fẹ́ fi àkókò sí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fọ́ ilé. Mo lọ bá wọn kí wọ́n tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí ni pé:

“Ṣé wọ́n á tún wá wọ́n omi sí ẹ lórí ni?”

“Rárá, Màámi. Ìtẹ̀bọmi tí mo ṣe lójú yín, wọ́n gbà á.”

“Kí ni Bíṣọ́ọ̀bù wá fẹ́ ṣe?”

“Wọ́n á gbọ́wọ́ lé mi lórí, wọ́n á gbàdúrà fún mi.”

“Ọwọ́ nìkan?”

“Ọwọ́ nìkan, Mà.”

Mo sọ fún wọn pé Ìwé Àdúrà 1662 pàápàá ní kí àlùfáà rọra ri ọmọ bọ omi, àfi tí ara ọmọ kò bá le ni kó da omi sí i lórí. Ìyẹn yà wọ́n lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ ohun tó wà ní ìsàlẹ̀ ikùn wọn: “Ta ló máa dúró ti òkú mi?” Ẹ̀yin ọmọ Èkó mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Wọ́n ti fi gbogbo ayé wọn san owó ìjọ, wọ́n ti sin ẹgbẹ́ wọn, wọ́n sì fẹ́ kí W.M.U. wọṣọ wá sin àwọn náà. Mo ṣèlérí pé ìjọ wọn ló máa sin wọ́n, pé n kò ní bá ẹnikẹ́ni fa posí, àti pé màá máa bá wọn san owó wọn tí wọn kò bá lè san án mọ́. Ọkàn wọn balẹ̀. Ẹ ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀ fún òbí yín, kí ẹ sì mú un ṣẹ.

Àkọ́bí mi obìnrin kò bá wa lọ. Ó ti wà ní kíláàsì ìtẹ̀bọmi nígbà náà, ó sì ní òun fẹ́ parí rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá òun àgbà. N kò fi agbára mú un. Lọ́jọ́ tó wọ omi, ìlà iwájú ni èmi àti baba rẹ̀ jókòó sí, a bá ìjọ kọrin, mo sì na tówẹ́ẹ̀lì sí i nígbà tó jáde.

Ní ti lẹ́tà: ẹ má pòórá. Ẹ lọ rí pásítọ̀ fúnra yín, ẹ dúpẹ́, ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n lè kà á nípàdé ìjọ. Lọ́pọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi, lẹ́tà ìṣípòpadà wà fún ẹni tó ń ti Onítẹ̀bọmi lọ sí Onítẹ̀bọmi. Ẹni tó ń lọ síbòmíràn, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n máa yọ kúrò nínú ìwé. Kí ìyẹn má bí yín nínú. Ẹ béèrè fún lẹ́tà tó jẹ́rìí sí ìwà yín, àti ìwé ẹ̀rí ìtẹ̀bọmi, torí Fíkà máa béèrè rẹ̀. Tí ìwé náà bá ti sọnù, ẹ lọ bá akọ̀wé ìjọ láàárín ọ̀sẹ̀, kì í ṣe lọ́jọ́ Àìkú tí ọwọ́ wọn dí, kí ẹ sọ ọdún tí wọ́n rì yín bọmi àti orúkọ tí ẹ ń jẹ́ nígbà náà kí ẹ tó lọ́kọ, kí wọ́n lè wá a nínú ìwé àtijọ́.